Ibùdó dátà ìwádìí ohun ẹlẹ́mìí ní Ilé-Ifẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 sí 26

Ohun tí à ń kọ́ ni ibi tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ohun ẹlẹ́mìí, ẹ̀jẹ̀ o, ewé o, kòkòrò o, yóò máa kó dátà wọn sí, tí ẹlòmíràn á lè rí i, á lè ṣí i, á sì yé e lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ilé-Ifẹ̀ ni ojúkò àkọ́kọ́. Ẹ̀dà kejì wà ní Iléṣà, tépù tí a fi ń tọ́jú dátà ń sùn ní Ìbàdàn. Bí èyí bá dúró dáadáa, àwọn ìlú mìíràn á so tiwọn mọ́ ọn títí á fi di ti orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ àṣìṣe sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó yọrí: kí ẹni tó máa kọ́ tirẹ̀ ní Kánò tàbí Ẹnúgù má baà tún owó kan náà san.

Ẹnìkan á ní, ṣebí ibi ìpamọ́ ńláńlá wà lókè òkun? Ó wà. Jẹ́nómù (àpapọ̀ àkọsílẹ̀ àjogúnbá) kòkòrò àrùn ń lọ sí ENA ní Yúróòpù tàbí GenBank ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ náà la sì máa ń ní kí àwọn ènìyàn fi í ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ACEGID, ibùdó ìwádìí jẹ́nómù ní Ẹdẹ tí kò jìnnà sí wa, ka jẹ́nómù kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ní oṣù Kẹta 2020, fífi tí wọ́n fi síta ló jẹ́ kó wúlò fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àwòrán máíkírósíkóòpù, ìwé ìbéèrè tí a fi Yorùbá béèrè, àkọsílẹ̀ ewé tí a já ní etí odò, wọn ò ní ilé lọ́hùn-ún. Òmíràn nínú wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹni tó ni í gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 3: kíka ohun tó wà nílẹ̀

A ò tíì ra nǹkan kan. A gbé ìbéèrè mẹ́fà lọ́wọ́ láti yàrá ìwádìí kan dé èkejì: irú dátà wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, orí kí ló wà, ta ló lè ṣí i, ṣé orúkọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i bí akẹ́kọ̀ọ́ tó kó o jọ bá gba ìwé ẹ̀rí tó sì bá tirẹ̀ lọ? Ìbéèrè kẹfà ló máa ń mú kí yàrá dákẹ́.

A bá dátà lórí fọ́láàṣì, lórí dísìkì àgbékiri, nínú ímeèlì tí ènìyàn fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, lórí káàdì nínú páálí Indomie. Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba rárá. Fáìlì àkọ́kà jẹ́nómù ènìyàn kan ṣoṣo, tí a ka ibi kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 30, lè súnmọ́ 100 GB. Yàrá tó bá ń ka 50 lọ́dún nílò 5 TB fún ìyẹn nìkan. Ti bakitéríà kan sábà máa ń kéré sí 1 GB. Ìwé ìbéèrè ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn kì í ju MB mélòó kan lọ. Ibí yìí ni ẹni tó ń ra dísìkì ti máa ń ṣìnà, torí ojú rẹ̀ á wà lára èyí tó tóbi. Bí fáìlì jẹ́nómù bá sọnù, tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì wà nínú fírísà, a lè tún un kà. Ìwé ìbéèrè tí a bi ìyá arúgbó ní 1998 kò ṣeé tún bi í mọ́. Nítorí náà, fáìlì kékeré tí kò ṣeé tún gbà la kọ́kọ́ kó wọlé, jẹ́nómù ńlá tẹ̀ lé e.

Àgbègbè yìí ti mọ iṣẹ́ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí tọ́pa ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ní 1957. Káàdì ìdàgbàsókè ọmọ, ìyá ló fi lé lọ́wọ́, kò há a mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Nígbà tí a ń jiyàn lórí ta ni kó ni kọ́kọ́rọ́ dátà, àpẹẹrẹ káàdì yẹn la máa ń padà sí.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6: yàrá

Mítà 4 ní ìbú, mítà 5 ní gígùn, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ń gba omi àgbàrá, òkè pátápátá wà lábẹ́ páànù tó ń jò. Kò gbọdọ̀ sí ilé ìwẹ̀ tàbí páìpù omi lókè rẹ̀. A fi búlọ́ọ̀kù di fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bátìrì àti inverter wà ní yàrá kejì, torí pé ooru wọn kò yẹ kó bá ti server, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà, pàdé, bí iná bá sì máa sọ, a ò fẹ́ kó sọ nídìí dísìkì.

Ihò tí wáyà ń gbà wọlé ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti rò lọ. Ọmọọ́nílé máa ń wọ inú ibi gbígbóná lọ sùn; bí ó bá fi ara kan irin méjì tí iná wà nínú wọn, òun á kú, ẹ̀rọ á kú. Eku máa ń jẹ ara wáyà. Fóòmù tí wọ́n ń fún sínú ihò nìkan kò tó, eku á gé e bí ẹ̀bà. Wáyà ìfọkòkò onírin la kọ́kọ́ ki bọ̀ ọ́, kí a tó fún fóòmù sórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìpaná oníkábọ́ọ̀nù, CO2, la gbé kọ́ ara ògiri. Oníyẹ̀fun á pa iná, á sì pa server pẹ̀lú.

Ìtutù: ohun gbogbo tó wà nínú ráàkì, àgbékọ́ irin tí a to ẹ̀rọ sí, ń jẹ nǹkan bí 1,200 wáàtì, ìyẹn ooru tó tó 4,100 BTU ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ amúlétutù oní 1.5 HP kan, tó jẹ́ nǹkan bí 12,000 BTU, á gbé e pẹ̀lú ooru ògiri àti ti ènìyàn. Méjì la gbé síbẹ̀, kí wọ́n máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A fi í sí 24 °C, ìkìlọ̀ á sì dún ní 28.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a rà kì í padà tàn fúnra rẹ̀ tí iná bá lọ tó sì dé. Ó ń dúró de ẹni tó máa tẹ rìmóòtù, lóru Sátidé kò sì sí ẹni náà. Server ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, yàrá sì ti di 39 °C kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kó tún un fi sí i níṣojú yín. Bí kò bá tàn, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ohun kejì ni páìpù tí omi rẹ̀ ń gbà jáde: ó gbọ́dọ̀ dagun sísàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba orí ráàkì kọjá. Ní àkókò òjò, ewéédò máa ń dí i, omi á sì padà sínú yàrá. Lóṣooṣù là ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ 7 sí 11: iná

Ibí yìí ló jẹ àkókò àti owó jù, ibẹ̀ sì ni ìṣirò orí ìwé ti máa ń tanni. Ara server, wọ́n kọ 800 wáàtì. Nígbà tí a fi mítà wọ̀n ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, 320 ló ń jẹ. Server méjì jẹ́ 640, àpótí dísìkì 260, switch àti router tó so wọ́n pọ̀ 90, ẹ̀rọ tépù àti àwọn wẹ́wẹ́ 60, ohun tí UPS (ẹ̀rọ oníbátìrì tí kì í jẹ́ kí iná já) fúnra rẹ̀ ń fi ṣòfò 150. Àpapọ̀ 1,200 wáàtì. Amúlétutù kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà; tí a bá pín in dọ́gba lórí wákàtí 24, 700 ni. Ìyẹn 1,900 wáàtì, tàbí 45.6 kWh lójoojúmọ́.

Bátìrì lithium mẹ́rin, 51.2 V, 100 Ah, ni ó wà: 20.48 kWh. A kì í lò ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó di 16.4. Inverter jẹ ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀, ó di 14.7. Pín in sí 1.9, nǹkan bí wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45 ló kù. Ẹni tó bá ṣírò láì yọ méjèèjì yìí á sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé wákàtí 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Páànẹ́ẹ̀lì sólà 20, oní 550 wáàtì: 11 kW. Ní oṣù tí oòrùn bá mú, wákàtí mẹ́rin tó pé ni a fi ṣírò, a sì yọ ìdá mẹ́rin fún ooru, eruku àti wáyà: 33 kWh. Kò tó 45.6, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó rà á. Iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ ló ń dí àlàfo náà. Ohun tí a kò fojú tó ni oṣù Keje àti Kẹjọ, tí ìkùukùu máa ń bo Ifẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ohun tó ń wọlé sì lè já sí ìdajì. Ẹ má ṣe fi oòrùn oṣù Kẹta ṣírò fún ọdún. Bí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ fọ eruku kúrò lójú páànẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní àárọ̀ kùtùkùtù kí gíláàsì tó gbóná, nítorí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè sán an.

Jẹnẹrétọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì, 10 kVA. Bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, epo kì í jó tán nínú rẹ̀: èéfín á dúdú, èédú á dì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà a kì í tàn án mọ́jú fún 1.9 kW. Wákàtí mẹ́ta là ń tàn án, tí á máa gba agbára sí bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹrù rẹ̀ lè wúwo. A sì pa á. Nǹkan bí lítà méjì ló ń jẹ ní wákàtí kan.

Wàhálà tó pẹ́ jù kí a tó mọ ìdí rẹ̀: server máa ń kú kó sì tún jí fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí iná ìjọba bá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì kún. Inverter máa ń lo ìdá 10 sí 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan láti yí sórí bátìrì. Power supply inú server lè di ara mú fún nǹkan bí iye kan náà. Nígbà míì ó mú un, nígbà míì kò mú un, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí iṣẹ́ ayé. Ọ̀nà àbáyọ ni UPS oríṣi tí wọ́n ń pè ní online, 3 kVA, láàárín inverter àti ráàkì: iná rẹ̀ kì í já rárá, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iná tó ń jáde ní gbogbo ìgbà, bátìrì tirẹ̀ sì ń gbà á lọ́wọ́ láìsí ìdúró bí iná tó ń wọlé bá lọ.

UPS náà mú ìyọnu tirẹ̀ dé. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá tíì ní ẹrù, ó ń yí ní 53 Hz dípò 50. UPS wò ó, ó ní iná yìí kò dára, ó kọ̀ ọ́, ó sì ń jẹ bátìrì ara rẹ̀ lọ títí tó fi kú nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì yí gọ́fánọ̀, ohun tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì, sílẹ̀ di 51.5 láìsí ẹrù; a sì fẹ ààyè tí UPS gbà di 47 sí 53. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ààrá. Ọkọ Ọya kì í kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pá bàbà mẹ́ta, mítà 2.4 ọ̀kọ̀ọ̀kan, la kàn mọ́lẹ̀ kí ààrá lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀, ó kéré tán mítà 2.4 láàárín wọn. Ìdènà tí iná ń bá pàdé kó tó wọlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 5 óòmù lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án tí ilẹ̀ tutù, 3.1 la rí, inú wa dùn. Ní oṣù Kìíní tí ilẹ̀ pupa gbẹ tó sì sán, ó ti di 9. A tún kan ọ̀pá méjì sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́. Ohun tí a tún bá ni pé férémù sólà lórí òrùlé ní ọ̀pá tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò so mọ́ ti yàrá. Bí ààrá bá sán, àwọn méjèèjì kò ní wà ní ipò kan, àárín wọn ni iná á gbà, àárín wọn náà sì ni server wà. A fi wáyà bàbà nípọn so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti ilé kan sí èkejì, fáíbà onígíláàsì nìkan là ń lò. Kébù bàbà ń mú ààrá wọlé.

Ọ̀sẹ̀ 12 àti 13: dísìkì

Dísìkì 12, 16 TB ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ZFS (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì), lórí RAIDZ2, ọ̀nà tí ó fi ń pín dátà sórí wọn: méjì lè kú lẹ́ẹ̀kan náà kí dátà má lọ. Ti mẹ́wàá ló kù fún dátà, 160 TB. Kọ̀ǹpútà á kọ 145 TiB, ọ̀gá á sì bèèrè ibi tí 15 yòókù wọlé sí. Kò sí ẹni tó jí i, ìṣirò ẹlẹ́gbẹ̀rún àti ìṣirò ẹlẹ́gbẹ̀rún-lé-mẹ́rìnlélógún ló yàtọ̀. A kì í kún un ju ìdá 80 lọ, ìyẹn 116 TiB.

Ẹ bèèrè pé CMR ni, kì í ṣe SMR, irú dísìkì tí ìlà dátà rẹ̀ gun ara wọn, tí títún un kọ sì máa ń lọ́ra. Oníṣe SMR á dára títí ọjọ́ tí dísìkì kan á kú. Nígbà náà àtúnkọ rẹ̀ á gba ọ̀sẹ̀ dípò ọjọ́. Ẹ fi smartctl, ètò tó ń ka ìlera dísìkì, wo wákàtí tó ti ṣiṣẹ́: a bá tokunbọ̀ tí wọ́n dì bíi tuntun, tó ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20,000 lọ. Kí dátà tó wọlé, a fi badblocks, ètò tó ń wá ibi tó bàjẹ́, kọ gbogbo dísìkì, a sì tún kà á. Ìkọ ẹ̀ẹ̀kan fún 16 TB jẹ́ nǹkan bí wákàtí 22, badblocks sì ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń kà á lẹ́ẹ̀mẹrin: ó lé ní ọjọ́ méje. Ọ̀kan nínú 12 kú lọ́jọ́ karùn-ún. Inú wa dùn pé ìgbà yẹn ló kú. Nọ́ńbà ara dísìkì kọ̀ọ̀kan wà lórí bébà tí a lẹ̀ mọ́ iwájú àyè rẹ̀, nítorí ẹni tó bá fa dísìkì tó dára yọ dípò èyí tó kú ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀kejì.

Ọ̀sẹ̀ 14: Iléṣà

Lórí 100 Mbps tó pé, 1 TB gba wákàtí 22. 10 TB lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 km lọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ wọ mọ́tò, lórí dísìkì tí a fi LUKS tì, pẹ̀lú ìwé SHA-256 (nọ́ńbà tó máa yí padà bí fáìlì bá yí padà) fáìlì kọ̀ọ̀kan tí a gba ọ̀nà mìíràn fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tó yí padà lóòjọ́ nìkan ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá lóru, pẹ̀lú zfs send. Ní apá tó ń gbà á, ẹ má gbàgbé -s lẹ́yìn zfs receive, kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó já sí. Láìsí i, ìjákulẹ̀ ìṣẹ́jú kan á mú un padà sí òdo.

Ọ̀sẹ̀ 15 sí 20: orúkọ ohun gbogbo

Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nínú tábìlì kan ṣoṣo, a rí «Ifẹ̀» ní oríṣi márùn-ún tí kọ̀ǹpútà kà sí ìlú márùn-ún. Èkíní kò ní àmì. Èkejì jẹ́ ẹ alámì ìsàlẹ̀ tó dá dúró, U+1EB9 (nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, àdéhùn àgbáyé fún lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà), pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300. Ẹ̀kẹta jẹ́ e lásán pẹ̀lú U+0323 àti U+0300. Ẹ̀kẹrin jẹ́ è, U+00E8, pẹ̀lú U+0323. Ẹ̀karùn-ún fi ìlà òró sábẹ́ rẹ̀, U+0329, dípò ẹ̀kán, U+0323. Lójú ènìyàn, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn jọ ara wọn. Ìlànà NFC ti Unicode á sọ èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin di ọ̀kan. Kò ní fọwọ́ kan ẹ̀karùn-ún, torí pé Unicode kò ka ìlà òró àti ẹ̀kán sí ohun kan náà. Nítorí náà, a kọ́kọ́ ń yí U+0329 padà sí U+0323, lẹ́yìn náà ni NFC. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ àti ṣ. Kọ́lọ́ọ̀mù bí ó ṣe dé la fi sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Tuntun la ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà tí a bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀ wà fún ìwákiri nìkan, kí ẹni tó bá tẹ Ilesa, Ilesha tàbí Iléṣà lè dé ibì kan náà.

Bí ẹ bá rí «Ifáº¹», kì í ṣe kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan ló fi Excel ṣí fáìlì UTF-8 (ọ̀nà kan tí a ń gbà kọ Unicode sínú fáìlì) bí ẹni pé kì í ṣe UTF-8, ó sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ tún un ṣe. Ẹ padà sí fáìlì tí kò tíì gba ọwọ́ Excel kọjá.

Excel kan náà ló ń sọ jíìnì SEPT2 di 2-Sep, MARCH1 di 1-Mar. Ní 2020, àwọn tó ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ gbà fún un, wọ́n yí wọn sí SEPTIN2 àti MARCHF1. Àwọn fáìlì àtijọ́ kò gbọ́ ìròyìn náà. A kọ àyẹ̀wò kékeré kan tó ń wá déètì nínú kọ́lọ́ọ̀mù jíìnì, kó tó gba fáìlì wọlé.

Nínú ìwé ìbéèrè, 99 ni wọ́n ń kọ fún «kò dáhùn», títí dé orí ọjọ́ orí. Ní ìlú tí ìyá àgbà ẹni 99 ti lè jókòó síwájú ilé rẹ̀, ìyẹn kò ṣeé lò. Òfìfo ni òfìfo, ìdí rẹ̀ sì wà ní kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀. Déètì jẹ́ 2024-04-03, torí 03/04 lè jẹ́ oṣù Kẹta tàbí Ẹkẹrin.

Ibi tí a ti mú nǹkan: Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí 7.48 àríwá, 4.56 ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá yí méjèèjì padà, ó ti gbé ewé Ifẹ̀ lọ sí etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Rivers, nítòsí Opobo. Torí pé Nàìjíríà náà ló ṣì bọ́ sí, àyẹ̀wò tó ń bèèrè «ṣé Nàìjíríà ni?» kò ní mú un. Ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ la fi ń wò ó. Fún ewéko, a ń gba orúkọ Yorùbá àti ti sáyẹ́ǹsì pọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí Darwin Core, àdéhùn kíkọ dátà ohun ẹlẹ́mìí, ti là á sílẹ̀. Ewúro wà nínú ìwé àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí Vernonia amygdalina, nínú tuntun gẹ́gẹ́ bí Gymnanthemum amygdalinum. Ewúro náà ni «ewúro» nínú méjèèjì. Síbẹ̀ orúkọ ìbílẹ̀ nìkan kò tó, torí ohun tí ará Ifẹ̀ ń pè ní báyìí, ará Ìjẹ̀bú lè fi pe òmíràn. Nọ́ńbà ewé gbígbẹ tó wà ní ilé ìpamọ́ ewé ló ń parí ìjà.

Fọ́ọ̀mù àpèjúwe dátà tí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní ìbéèrè 46. Kò sí ẹni tó kún un dé ìdajì, «kò sí» ló pọ̀ jù. A gé e sí 14, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ èyí tí DataCite kò lè fún wa ní DOI, nọ́ńbà ìtọ́kasí dátà tí kì í yí padà, láìsí i: nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹni tó ṣe é, àkọlé, ẹni tó gbé e jáde, ọdún, irú ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ààyè. Àwọn ìlànà FAIR ti 2016 (kí dátà ṣeé rí, ṣeé ṣí, ṣeé so pọ̀, ṣeé tún lò) dára, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí ènìyàn kò lè kún ní ogún ìṣẹ́jú kò bá wọn mu, ohunkóhun tó wù kó wà nínú rẹ̀.

Ìyọ̀ǹda. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka dátà ìlera àti ti àjogúnbá sí èyí tó nílò ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Pẹpẹ mẹ́ta la ní: èyí tó ṣí sílẹ̀, èyí tí a ń béèrè fún, èyí tó tì pa. Yíyọ orúkọ kúrò kò tó. Abúlé, ọjọ́ orí àti àìsàn tó ṣọ̀wọ́n lè tọ́ka sí ẹnìkan ṣoṣo. Orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀: nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ṣe, tí T àti K sì tẹ̀ lé ara wọn ní ọjọ́ ìbí kan náà, ìbejì ti fara hàn. Nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan là ń lò. Ìwé tó so ó mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ ẹni tó kó dátà jọ, kì í wọ ilé wa. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, bí wọ́n ṣe kà á ní Yorùbá gan-an, ń wọlé pẹ̀lú dátà. Bí wọ́n bá ní «a fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ibà wà níbẹ̀», ibà ni wọ́n gbà fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà wá àjogúnbá gbọ́dọ̀ padà lọ béèrè.

Ọ̀sẹ̀ 21 sí 23: Dataverse àti tépù

Dataverse, ètò tí a fi ń tọ́jú dátà ìwádìí tí a sì fi ń pín in, la yàn. Ó nílò PostgreSQL tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, Solr tó ń ṣe ìwákiri, àti Payara tó ń gbé e ṣiṣẹ́. Ẹ fún un ní 16 GB RAM, kí Solr má baà pa á. Ìfisílẹ̀ rẹ̀ kò le. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í fi orúkọ fáìlì pa fáìlì mọ́ sórí dísìkì. Ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn ló ń fún un. Orúkọ gidi wà nínú PostgreSQL. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà fáìlì láì ṣe ẹ̀dà PostgreSQL ní ilé tó kún fún àpò tí kò ní àkọlé. pg_dump, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà PostgreSQL, ń ṣiṣẹ́ lálaalẹ́, ó sì ń tẹ̀ lé fáìlì lọ sí Iléṣà.

Tépù: LTO-8, 12 TB láì fún un pọ̀. Àwọn fáìlì kékeré ń mú kó dúró, kó padà sẹ́yìn, kó tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà a ń fi tar dì wọ́n pọ̀ sínú fáìlì kan tó tó nǹkan bí 50 GB kí a tó kọ wọ́n. Tépù tó bá dé láti ìrìnàjò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú yàrá kó tó wọ ẹ̀rọ. Lásìkò ọyẹ́, a kì í ṣí àpótí rẹ̀ níta.

Ọ̀sẹ̀ 24 sí 26: gbígbà padà

A fún ẹnìkan tí kò sí nínú iṣẹ́ náà ní server òfìfo, tépù, àti ìwé ìlànà ojú ewé méjì. A ní kó gba àkójọ dátà 20 padà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Tépù wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí server tí a ṣebí pé ó ti jóná. Ìgbà kejì, kọ́kọ́rọ́ wà, fáìlì sì jáde, ṣùgbọ́n pg_dump tó bá wọn rìn jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Àkójọ mẹ́ta kò ní orúkọ. Iṣẹ́ alaalẹ́ ni ó ti kùnà láìpariwo, torí pé ibi tí pg_dump ń kọ sí ti kún. A fi ìkìlọ̀ sí i: bí dump tuntun bá ju wákàtí 26 lọ, tàbí tó bá kéré sí ti àná, fóònù á dún. Ìgbà kẹta, gbogbo 20 jáde, SHA-256 wọn bá ti ìwé àkọ́kọ́ mu, ó gba wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 10. Wákàtí méjì nínú rẹ̀ jẹ́ wíwá wáyà SAS, èyí tó so ẹ̀rọ tépù mọ́ server, tó bá ẹ̀rọ tépù mu. Wáyà náà ti wà nínú àpótí tépù báyìí, pẹ̀lú ọ̀kan àfipamọ́.

Kọ́kọ́rọ́ tépù wà lórí bébà nínú ápólóòpù tí a lẹ̀ pa, ọ̀kan ní Ifẹ̀, ọ̀kan ní Iléṣà, ọ̀kan ní Ìbàdàn. Àyẹ̀wò gbígbà padà tó kàn wà ní ọ̀sẹ̀ 38, ẹlòmíràn ló sì máa ṣe é. Ohun tó kù lórí tábìlì: dísìkì méjì àfipamọ́ tí a kò tíì rà, amúlétutù kejì tí kò tíì gba ọyẹ́ kan kọjá, àti káàdì inú páálí Indomie, tí a ti ya àwòrán 1,140 nínú wọn ní 400 dpi, tí a kò sì tíì tẹ ọ̀kankan sínú tábìlì.